Télọ̀ Tó Gé Pikọ́ọ̀pù Bàbá Rẹ̀

Bí ẹ bá dé àdúgbò náà tí ẹ béèrè ilé télọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ bi yín pé, "Èwo? Èyí tó ń ránṣọ ni àbí èyí tó ń jó irin?" Ẹnì kan náà ni. Obìnrin kúkúrú kan ni, ó ti lé díẹ̀ ní ọdún márùndínláàádọ́ta, apá rẹ̀ le, ṣọ́ọ̀kì kì í sì í kúrò létí rẹ̀ bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé iṣẹ́ irin kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin, kó jọ̀ọ́ kó lọ bá a sọ ọ́ níbi tó ti di ẹ̀rọ ìgérin mú. Kó má sọ ọ́ fún mi.

Ilé bàbá rẹ̀ ló ń gbé. Yàrá iwájú ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: maṣíìnì méjì, tábìlì gígùn kan, dígí tó ti là nígun, àti ògiri tó kún fún àwòṣe pépà tí wọ́n fi ìṣó kọ́. Ogún ọdún ló fi jókòó síbẹ̀ tí àwọn èèyàn ń wọlé wá bá a. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Aṣọ tí wọ́n ti rán parí wà níbi gbogbo, ta ló tún fẹ́ dúró kí wọ́n wọn ìbàdí òun? Ṣùgbọ́n ó kíyè sí nǹkan kan. Ilé-iṣẹ́ wà, ilé-ìwé wà, ilé ìwòsàn wà, yunifọ́ọ̀mù ni gbogbo wọn ń wọ̀, yunifọ́ọ̀mù sì ń ya lójoojúmọ́. Bí wọn ò bá wá bá a mọ́, òun á lọ bá wọn. Ohun tó ń wá ò ju ọkọ̀ tí maṣíìnì lè dúró sí lẹ́yìn rẹ̀, tí wọ́n bo lórí, tí wọ́n ṣe fèrèsé sí, kó wà á dé ẹnu ọ̀nà wọn kó sì jókòó síbẹ̀ kó máa rán an.

Ọkọ̀ ọ̀hún wà lẹ́yìnkùlé. Pikọ́ọ̀pù àtijọ́ ni, imú rẹ̀ rí róbótó, irú tí wọn ò ṣe mọ́. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Bàbá fi kó pákó nínú rẹ̀. Láti ìgbà tí dókítà ti sọ fún Bàbá pé ojú rẹ̀ ò gba kó wakọ̀ mọ́, ó ti di ọdún mẹ́fà tó wà lórí òkúta mẹ́rin tí ìpẹtà ń jẹ ẹ́. Ọjọ́ tí obìnrin náà pinnu láti tọrọ rẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ló gbọ́ pé Bàbá ti ní kí onírin àlòkù wá kó o.

"Bàbá, ẹ má jẹ́ kó kó o. Ẹ fún mi."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe, Télọ̀? Ṣé o fẹ́ rán ẹ̀wù sí i lọ́rùn ni?"

"Mo fẹ́ tún un ṣe kí n máa fi ṣiṣẹ́."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó ní òun ti fún onírin lọ́rọ̀, Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù kẹfà sí ìgbà náà ló ń bọ̀, torí pé ibi tó jìnnà ló ti máa gbé ọkọ̀ ńlá rẹ̀ wá, òun kì í sì í yẹ àdéhùn.

"Kí lẹ bá a sọ gan-an?"

"Mo ní kó wá wọ́ ọkọ̀ tí kò lè rìn lẹ́yìnkùlé mi lọ."

"Tó bá wá bá èyí tó lè rìn ńkọ́?"

Bàbá gbé ojú tí kò ríran dáadáa mọ́ sí ibi tí ohùn rẹ̀ ti ń bọ̀. Ọmọ tó bí nìyẹn, ẹnu ẹ̀ mú bíi tiẹ̀. "Tó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde ní géètì kí onírin tó wọlé, tìẹ ni," ló wí. "Ṣùgbọ́n má pè mí sí i o. Ìka mi ò ní kàn án."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mẹkáníìkì tó mọ ọkọ̀ náà tẹ́lẹ̀ wá tú ẹ́ńjìnnì, ó sọ pé irin àtijọ́ ò ní wàhálà, ó sì rí bẹ́ẹ̀. Ara ọkọ̀ ló ní wàhálà. Ìpẹtà ti jẹ ilẹ̀ rẹ̀ débi tí koríko fi ń hù wọ inú ibi tí èèyàn ń jókòó sí. Panẹbítà kan wà ní ìsàlẹ̀ òpópónà tí gbogbo ayé ń pè ní Kò-ní-pẹ́, torí ohun tó máa ń sọ fún oníbàárà nìyẹn, ọkọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé kan sì ti lo ọdún méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló kọ́ obìnrin náà bí wọ́n ṣe ń jó irin. Oṣù kan gbáko ló fi ń jó àfọ́kù páànù mọ́ra, tó ń dá a lu, tó tún ń jó o. Iná ta sí i lápá, ó ta sí i lọ́rùn, ó pààrọ̀ ẹ̀wù ó sì padà síbẹ̀. Ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Ọgbọ́n télọ̀ ló fi ṣe ìyókù. Ibi tó bá ti jẹrà, á tẹ́ pépà lé e, á fi ṣọ́ọ̀kì tọ etí rẹ̀, á gé pépà náà, á wá fi pépà gé irin. Kò-ní-pẹ́ wò ó títí, ó ní ó ti di ogójì ọdún tí òun ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, òun ò rí ibi tí ojú lílẹ̀ ti mọ́ tó báyìí rí. Bàbá jókòó sórí àga rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn, ó ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ láràárọ̀. "Télọ̀, má gbàgbé bọ́tìnnì o." "Télọ̀, ṣé wàá lọ̀ ọ́ ni tó bá parí?" Obìnrin náà á dáhùn pé kí Bàbá mú àyọ́ọ̀nù wá. Wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín ni.

Nínú oṣù kẹrin iṣẹ́ náà, Kò-ní-pẹ́ rìnrìn àjò lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Obìnrin náà ò lè dúró dè é. Irin gbọọrọ tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn ló kàn, èyí tí èèyàn ń fẹsẹ̀ tẹ̀ kó tó wọlé, tọ̀tún tòsì ló ti jẹrà tán. Ó tú ilẹ̀kùn méjèèjì kúrò kí àyè lè gbà á, ó sì gé irin ìtẹ̀wọlé méjèèjì dànù lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ká ní ẹ̀yin náà jẹ́ télọ̀, ohun tẹ́ ẹ máa ṣe nìyẹn. Bí ìdí ṣòkòtò bá gbó, ẹ ó gé e, ẹ ó lẹ òmíràn sí i, ìgbátí ṣòkòtò ò ní torí ìyẹn wọ́. Lọ́jọ́ yẹn, Bàbá ò ṣẹ̀fẹ̀ kankan. Ó jókòó díẹ̀ tó ń gbọ́ bí ẹ̀rọ ṣe ń ké, ó dìde, ó wọlé lọ.

Ó ku ọjọ́ méjìlá kí onírin dé nígbà tí obìnrin náà gbé ilẹ̀kùn padà sí àyè wọn. Wọn ò pa dé. Etí òkè ilẹ̀kùn ń gbá òpó ẹ̀yìn, ìsàlẹ̀ sì ya tó fi gba ìka méjì. Ó tú ìdè rẹ̀, ó tún un dè, ó fi ìbàdí tì í, ó fi òòlù lù ú. Ẹ̀gbẹ́ kejì náà ń ṣe bákan náà. Ó jókòó sórí táyà kan.

Kò-ní-pẹ́ ti dé lọ́sẹ̀ yẹn. Ó wá, ó wo ọkọ̀ náà yípo, ó béèrè ìbéèrè kan.

"Irin wo lo fi dábùú ojú ilẹ̀kùn kó o tó gé ìsàlẹ̀ rẹ̀?"

"Irin dídábùú báwo?"

Ọkùnrin náà fọwọ́ bo ẹnu. Ó wá ṣàlàyé fún un pé irin ìtẹ̀wọlé yẹn ló gbé gbogbo orí ọkọ̀ dúró. Ẹni tó bá fẹ́ gé e gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jó irin méjì dábùú ojú ilẹ̀kùn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, orí ọkọ̀ á rọ̀ sílẹ̀, èèyàn á sì wá jó tuntun mọ́ ibi tó ti wọ́.

"Kò burú," ni Kò-ní-pẹ́ wí. "Kò ní pẹ́. Ká rẹ́ etí ilẹ̀kùn lókè, ká fi pọ́tì dí àlàfo ìsàlẹ̀, ká kun ọ̀dà lé e. Ó máa pa dé."

"Tí mo bá gbé maṣíìnì sẹ́yìn, tí mo wá já sí kòtò ńkọ́?"

"Ó lè ṣí nígbà yẹn."

"Mi ò rán ṣòkòtò tó máa já mọ́ èèyàn nídìí lójú ọ̀nà rí, ẹ̀gbọ́n. Mò ń gé e dànù ni."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀."

Kò-ní-pẹ́ mi orí. Bó ṣe ń lọ, ó ní, "Àmọ́ ó yà mí lẹ́nu o. Ṣé Bàbá ò sí nílé lọ́jọ́ tó o gé e ni? Ẹ̀ẹ̀mejì la ti pààrọ̀ irin yìí nígbà ayé iṣẹ́ wọn. Àwọn gan-an ni wọ́n di irin ìdábùú mú fún mi."

Obìnrin náà ju òòlù sílẹ̀. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó lọ bá Bàbá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Bàbá, ẹ mọ̀ lọ́jọ́ tí mò ń gé ìtẹ̀wọlé."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀ pé ó máa wọ́."

"Mo mọ̀."

"Àgbà kì í wà lọ́jà…"

"Mo mọ bó ṣe parí." Bàbá fọwọ́ pa orúnkún rẹ̀. "Gbọ́ mi. Wọ́n ní mi ò gbọ́dọ̀ wakọ̀ mọ́, mo gbà. Kí onírin gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, mo lè gba ìyẹn náà. Àmọ́ kí n jókòó síbí, kí n máa gbọ́ bí ẹlòmíì ṣe ń yí jíà rẹ̀, mi ò lè fara dà á, ì báà jẹ́ ìwọ. Mo fẹ́ kó sú ẹ ni."

Inú bí obìnrin náà. Oṣù márùn-ún ni ẹni tó bí i ti ń bá a rẹ́rìn-ín, tó sì fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pamọ́ fún un. Ó wá ọ̀rọ̀ tó máa dun Bàbá, ó rí i, ó gbé e mì.

"Kò tíì sú mi," ló wí, ó sì padà sídìí ọkọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ló ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ó gé gbogbo ojú lílẹ̀ tí Kò-ní-pẹ́ ti yìn, ó ń gé e, omi ń dà lójú rẹ̀, kì í ṣe iná irin ló fà á. Kò-ní-pẹ́ fi jáàkì méjì ti orí ọkọ̀ sókè díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ibo ni wọ́n á gbé e dúró sí? Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ti wọ́, kò sí èyí tí wọ́n lè fi wọn èkejì. Ibẹ̀ ni ọkàn télọ̀ ti ṣiṣẹ́. Ilẹ̀kùn ò wọ́. Ilẹ̀kùn gan-an ni àwòṣe. Ó gbé e kọ́ sí àyè rẹ̀, ó fi téèpù rẹ̀ wọn etí sí etí, igun sí igun, ó ń pè é fún Kò-ní-pẹ́ pé ó kù díẹ̀, ó kù díẹ̀, ó tó, títí àlàfo náà fi dọ́gba yí ká. Wọ́n jó irin ìdábùú mọ́ ọn. Ó ní kí Kò-ní-pẹ́ má sọ pé kò ní pẹ́ mọ́, ọkùnrin náà sì gbà, àfi ìgbà méjì tó gbàgbé.

Ní gbogbo ọjọ́ yẹn, ó ń kí Bàbá láàárọ̀, ó ń gbé oúnjẹ fún un, kò sì bá a sọ̀rọ̀ mìíràn. Bàbá náà ò fọwọ́ kan ọkọ̀, kò sì ṣẹ̀fẹ̀.

Sátidé dé. Ọkọ̀ ọ̀hún ò tíì ní ọ̀dà, ara rẹ̀ rí ṣákaṣàka. Ọ̀pá irin tí wọ́n máa fi bo ẹ̀yìn rẹ̀ dúró lásán láìsí ìbòrí. Obìnrin náà ṣì ń de okùn bátìrì nígbà tó gbọ́ fèrè ọkọ̀ onírin ní géètì, tó ti tètè dé bí olóore. Ó kó sínú ọkọ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó dákẹ́. Ó tún un yí. Onírin ti ń bọ́ọ́lẹ̀, ó ti mú ṣéènì dání. Ìgbà kẹta ló gbà, èéfín bo ẹ̀yìnkùlé.

Onírin dúró. "Ẹ̀yin lẹ ní kò lè rìn?"

"Ọkọ̀ mìíràn ni mo bá ọ sọ," ni Bàbá dáhùn láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Jọ̀ọ́, kúrò ní géètì fún un."

Obìnrin náà lè gba géètì lọ tààrà. Kò sí ẹni tó máa dá a lẹ́bi. Ó wà á dé iwájú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó tẹ bíréèkì, ó nawọ́ ṣí ilẹ̀kùn kejì.

"Ẹ wọlé, Bàbá."

Bàbá táràrà bá ara ọkọ̀ náà, ó rí àyè jókòó, ó fa ilẹ̀kùn. Ó pa dé. Ó ṣí i, ó tún un pa, ó fi ìka tọ etí rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìka kankan ò rí ibi tó máa wọ̀.

"Ó yẹ kí n ti sọ fún ẹ."

"Ó yẹ bẹ́ẹ̀," lobìnrin náà wí. Kò ní kò tọ́pẹ́, kò ní kò sí nǹkan kan. Ó wà á gba géètì kọjá, ó dé ojú títì, ó tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ó fẹ́ yí jíà. Jíà ké ràkọ̀, kò wọlé. Bàbá di ẹsẹ̀ ara rẹ̀ mú, ojú rẹ̀ le bí ẹni tí wọ́n ń wẹ egbò fún.

"Jíà kejì yẹn kì í fẹ́ kí wọ́n tì í," ló wí. "Kọ́kọ́ fà á sọ́dọ̀ ara ẹ, kó o tó gbé e sísàlẹ̀."

Ó fà á sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ó wọlé.