Ìlà Búlúù Tín-ín-rín

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 2025, ọmọbìnrin ẹni ọdún mẹ́tàlélógún kan gba kọ́kọ́rọ́ yàrá kan ní àdúgbò àwọn aránṣọ. Rìsíìtì tí ìyá onílé kọ fún un jẹ́rìí sí i. Ohun tí rìsíìtì kò sọ ni pé àṣìṣe ló gbé ọmọ náà débẹ̀.

Awọnlẹ̀ ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì ni, Rúlà ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń pè é, nítorí kò sí ohun tí kì í wọ̀n, títí kan bẹ́ẹ̀dì ẹni tó bá gbà á lálejò. Ó ti ríṣẹ́ ní ìlú tuntun náà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó le ni: aago méje òwúrọ̀ géérégé ni ọkọ̀ ń kó wọn láti ọ́fíìsì lọ síbi tí wọ́n ti ń wọn ilẹ̀, ẹni tó bá sì pẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta nínú oṣù àkọ́kọ́, kó máa lọ sílé. Pálọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni ilé tirẹ̀ nígbà náà, ẹ̀gbọ́n náà sì ti ń yọ ọ́ lẹ́nu pé kò tíì gbé tìmùtìmù tó ń sùn lé kúrò nílẹ̀.

Ilé tó wà nítòsí ọ́fíìsì wọ́n bí ojú. Èyí tí àwọn ọ̀rẹ́ júwe wà ní ìpẹ̀kun ìlú. Rúlà bá tẹ́ máàpù sílẹ̀, ó sì rí i pé láti àdúgbò àwọn aránṣọ dé ọ́fíìsì kò pé kìlómítà kan. Ẹlòmíì ì bá bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tí ilé ibẹ̀ fi pọ́ọ́kú tó bẹ́ẹ̀. Òun kò bèèrè. Ìlà búlúù tín-ín-rín kan gba àárín kọjá, ó sì ti pinnu pé gọ́tà ni, ẹni tó bá lẹ́sẹ̀ gígùn á fò ó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ó jáde lọ dán ọ̀nà náà wò, ó ń ka ìṣísẹ̀. Ó ka irínwó ó lé díẹ̀, ilẹ̀ bá tán. Odò ló wà níwájú rẹ̀, ó fẹ̀ bíi pápá bọ́ọ̀lù. Òrùlé ọ́fíìsì ń dán lódìkejì, ó sún mọ́ débi pé ó lè ka fèrèsé rẹ̀. Ó bi ọkùnrin kan tó ń fọ alùpùpù pé ibo ni afárá wà. Onítọ̀hún nawọ́ síbi tójú kò tó. Wákàtí kan àbọ̀ ni, ó ní, bí ọ̀nà bá dára.

Ẹni tó gba ipò kìíní nínú ẹ̀kọ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ti gbàgbé omi. Ó padà sílé, ojú rẹ̀ dà bíi ti ẹni tí olè kó lẹ́rù, ó sì jẹ́wọ́ fún ìyá onílé. Màmá náà ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè ráyè rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi, àwa tí à ń kó aṣọ lọ fún àwọn oníbàárà lọ́hùn-ún láti ọjọ́ yìí, ṣé o rò pé ìyẹ́ la ní ni?"

Ó mú un lọ sẹ́yìn ilé ìlagi, níbi tí wọ́n so ọkọ̀ ojú omi kan mọ́. Aago mẹ́fà ló ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó ní, òjò ì báà máa rọ̀. Rúlà dúpẹ́, ṣùgbọ́n kò gbà á gbọ́ tán.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó jókòó láàárín aránṣọ mẹ́jọ àtẹrù wọn. Kí wọ́n tó dé àárín odò, wọ́n ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ tán: ìyá onílé ti ròyìn ọ̀rọ̀ gọ́tà náà fún wọn, wọ́n ní kó fò ó káwọn wò ó. Ó wo aago. Ìṣẹ́jú mẹ́fà péré ni wọ́n fi gúnlẹ̀. Nígbà tí awakọ̀ ibi iṣẹ́ dé, Rúlà ló bá ní géètì, inú ọmọ náà sì dùn débi pé ó kí awakọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì.

Nírọ̀lẹ́, bó ti ń padà bọ̀, ó tẹ́ máàpù sórí itan nínú ọkọ̀, ó fi pẹ́ńsù fa ìlà láti bèbè kan dé èkejì, ó ń dá rẹ́rìn-ín. Àwọn aránṣọ na ọrùn wò ó. Atukọ̀ náà, bàbá arúgbó kan, gbé àjẹ̀ rẹ̀ sókè kúrò nínú omi, ó wò ó títí.

"Ọgbọ̀n ọdún rèé tí mo ti ń tukọ̀ níbí. Nínú ìwé ẹ̀yin awọnlẹ̀ yìí, ibo lẹ fi mí sí?"