Ẹni Tí Wọ́n Ń Pè Ní Ọlọ́yàyà

Onígbàjámọ̀ kan wà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ilé ìfìwéránṣẹ́. Kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ mọ́. Ọlọ́yàyà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Kí ìdí oníbàárà tó kan àga, á ti kí i káàbọ̀, á ti kí i kúuṣẹ́, á ti béèrè ọmọ tó ń wúkọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kò sì sí ọ̀rọ̀ téèyàn lè sọ tí kò ní fọwọ́ sí. Ẹni tó ní òjò ń bọ̀, òótọ́ ló sọ. Ẹni tó gorí àga lẹ́yìn rẹ̀ tó ní òjò ò lè rọ̀, òun náà mà gbọ́n o!

Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan wà lára àwọn oníbàárà rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ń ta bàtà, àbúrò ń ṣe káfíńtà. Ìyá wọn ti darúgbó, ẹsẹ̀ ń dùn ún, kò lè dá gbé mọ́. Àwọn ọmọ wá ń tì í síra wọn bí àga tó kán lẹ́sẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, ẹ̀gbọ́n wá gẹrun. "Àbúrò mi ló ń gbé ìsàlẹ̀. Ṣé kí Màmá máa gun àtẹ̀gùn wá sílé mi ni?"

"Ká má rí i! Ọ̀dọ̀ àbúrò yín ló yẹ wọ́n."

Lọ́jọ́rùú, àbúrò dé. "Ta ni àkọ́bí? Ṣé èmi ni?"

"Ẹ̀gbọ́n ló lẹrù. Ẹ̀yin ti ṣe tiyín kọjá."

Kálukú gbé ẹlẹ́rìí tirẹ̀ lọ sílé. Nígbà tí ìjà dé, ẹnu méjèèjì ń sọ pé, "Onígbàjámọ̀ pàápàá dá mi láre!" Ìyá jókòó sáàárín wọn, ó ń gbọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, ìyá yìí fi ọ̀pá ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ṣí, ó wọlé.

"Ìwọ ni Ọlọ́yàyà?"

"Èmi ni, Mà! Ẹ mà tún ń di ọmọge sí i!"

"Ọlọ́yàyà ni wọ́n ń pe bàbá àwọn ọmọ mi náà. Bó bá rí ọ, inú ẹ̀ á dùn. Bó o bá hùwà burúkú, á sọ ọ́ lójú ẹ, síbẹ̀ o ò ní fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀. Ìyẹn là ń pè lọ́yàyà. Tìẹ yìí, eyín lásán ni."

Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì wolẹ̀. Ọlọ́yàyà rẹ́rìn-ín.

"Òótọ́ lẹ sọ, Mà."

"Mo mọ̀ pé ohun tó o máa sọ nìyẹn. Ó dáa, ọ̀dọ̀ ta ni kí n máa gbé?"

"Ibi tó bá wù yín ni."

"Ọ̀dọ̀ ẹ ló wù mí."

Kílípà dúró sáàárín orí oníbàárà. Ọlọ́yàyà wá "rárá" lẹ́nu, kò rí i. Ọ̀rọ̀ téèyàn ò sọ rí, kì í mọ ọ̀nà ọ̀fun. "Ó... ó dáa bẹ́ẹ̀, Mà," ló jáde. Kí oòrùn tó wọ̀, àpótí ìyá ti wà ní pálọ̀ rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ kì í ṣe ẹlẹ́rìn-ín. Ó wo àpótí, ó wo ọkọ. Ó gbómi kaná, ó fi jó ìyá lẹ́sẹ̀, ó tẹ́ ibùsùn fún un. Ọjọ́ kejì ló tó kọjú sí ọkọ.

"Ta ló máa di Màmá mú lọ sí balùwẹ̀? Ẹ̀rín yín ni?"

"Òótọ́ lo sọ, ìyàwó mi."

"Ẹ gbẹ́nu dákẹ́!"

Fúnra rẹ̀ ló lọ bá ẹ̀gbọ́n nídìí bàtà, tó sì lọ bá àbúrò nídìí pákó. Ohun tó sọ, kò dé etí ẹlòmíì, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ karùn-ún, àbúrò wá mú ìyá lọ sílé, ẹ̀gbọ́n sì ru àpótí tẹ̀ lé wọn, ó doríkodò.

Nígbà tí irun ẹ̀gbọ́n tún kún, ó padà wá. "Sọ tòótọ́ fún mi. Ṣé mo jẹ̀bi?"

Òógùn bo Ọlọ́yàyà. "Ẹ jẹ̀bi... díẹ̀."

Ọkùnrin náà dìde, ó lọ, kò gẹrun níbẹ̀ mọ́. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni Ọlọ́yàyà fi ń rò ó bóyá "díẹ̀" yẹn kò ti pọ̀ jù.