Ọ̀nà Ẹ̀yìn Pẹpẹ

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, orúnkún mi gbé mi dé ilé ìwòsàn kan ní Lẹ́kkí. Nọ́ọ̀sì kan tí mo lè bí dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń pín wa sọ́tùn-ún sósì bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. "Àwọn anbulétọ́rì, ẹ gba apá ibí, mà. Àwọn tí wọ́n gbé wá, ẹ ní sùúrù díẹ̀." Apá ibí ló yẹ kí n gbà, ṣùgbọ́n mo kàn dúró, mo di ògiri mú. Obìnrin kan lẹ́yìn mi ní, "Mọ́mì, ẹ máa lọ jàre, àwa náà fẹ́ rìn." Ó lé ní ogójì ọdún tí mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ̀jẹ̀ sì ni mo máa ń rí tí mo bá ti gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ní ilé ìwòsàn, ẹni tó lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá gba ìtọ́jú, kó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà sílé, ni wọ́n ń pè ní anbulétọ́rì. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀nà ni ọ̀rọ̀ kan náà ń jẹ́: ọ̀nà tóóró kan tó yí ẹ̀yìn pẹpẹ po, téèyàn ń gba ọwọ́ òsì wọ̀, tó sì ń gba ọwọ́ ọ̀tún jáde. Ṣọ́ọ̀ṣì abúlé wa létí ọ̀sà, níwájú Ajah dáadáa, ní ọ̀kan. Àwọn apẹja ló kọ́ ọ. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi kó yanrìn rẹ̀, ògiri rẹ̀ sì wọ́ díẹ̀ bí ẹni tó mu ògógóró. Bàbá Kátíkíìsì, tó kọ́ wa ní ìwé kíkà àti àdúrà, ló sọ orúkọ òyìnbó rẹ̀ fún wa. Ọ̀nà ẹ̀yìn pẹpẹ làwọn ìyá wa ń pè é.

Ẹni tí Ọlọ́run bá gbé dìde lórí àìsàn gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà yẹn kọjá lọ́jọ́ Ìsinmi láti dúpẹ́. Kò gbọdọ̀ mú ọ̀pá, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ tẹ̀lé e. Ògiri pẹpẹ ga, nítorí náà tó bá ti wọlé, a kò rí i mọ́. A ó máa kọrin títí yóò fi yọ lápá kejì. Ìyá àgbà kan dúró fa aáṣáà símú níbẹ̀ nígbà kan, sísín rẹ̀ la fi mọ̀ pé ó ṣì wà láàyè.

Mòrẹ́nikẹ́ ni ọ̀rẹ́ mi. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni wá nígbà náà. Ìyá rẹ̀ ti kú, òun ló ń yan ẹja tí bàbá rẹ̀ bá pa. Ó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mò ń sáré bí pẹ́pẹ́yẹ tó wọ bàtà.

Ilẹ̀ ló dá wàhálà sílẹ̀. Olówó kan tí a kò fojú rí rí ra ilẹ̀ wa lọ́wọ́ ẹni tí kò ni ín, ó sì rán àwọn ajagungbalẹ̀ wá gbà á. Òwúrọ̀ Sátidé ni wọ́n dé pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù méjì. Wọ́n bẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àdá, irin, àti igi tí wọ́n kan ìṣó mọ́. Wọn ò béèrè ohunkóhun. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún àwọ̀n ṣe ni wọ́n kọ́kọ́ pàdé; wọ́n là á lórí, ó ṣubú sínú àwọ̀n náà, ó sì ń jà pìtìpìtì níbẹ̀ bí ẹja títí ó fi dákẹ́. Wọ́n fi àdá fọ́ ìdí àwọn ọkọ̀ ojú omi wa. Wọ́n wọ́ ìyá arúgbó kan jáde ní yàrá, wọ́n sì dáná sun yàrá náà lójú rẹ̀. Mo gbọ́ nígbà tí egungun apá bàbá kan dá. Bí igi ìdáná gbígbẹ ló ṣe dún.

Mòrẹ́nikẹ́ di ọwọ́ mi mú, a sáré. Ó fẹsẹ̀ kọ okùn ọkọ̀, ó ṣubú. Ó ní, "Dúró, jọ̀ọ́, dúró dè mí." Mo já ọwọ́ mi gbà. Mo bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan péré. Ọkùnrin kan tó wọ síngílẹ́ẹ̀tì pupa gbé irin sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀ sí ojúgun Mòrẹ́nikẹ́, ó sì tún gbé e sókè. Mo wọ inú omi lọ títí ó fi dé ọrùn mi, n kò sì jáde títí wọ́n fi lọ.

Èèyàn méjì la sin. Mòrẹ́nikẹ́ lo oṣù mẹ́ta nílé ìwòsàn nílùú. Ní gbogbo àkókò náà, ohun kan ṣoṣo ni bàbá rẹ̀ ń sọ fún ẹni tó bá kí i: "Tí ọmọ mi bá rìn, mo fi wọ́n sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Tí kò bá rìn, màá lọ bá wọn." Nígbà tí ilé ìwòsàn dá Mòrẹ́nikẹ́ sílẹ̀, dókítà kọ anbulétọ́rì sínú káàdì rẹ̀, pé ó ti ń rìn. Bàbá Kátíkíìsì ka anbulétọ́rì yẹn sókè fún gbogbo ìjọ, ó sì sunkún.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Mòrẹ́nikẹ́ fi ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀, ó tiro wọlé lọ́wọ́ òsì. A kọrin. A kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin. Kò jáde. Ìlà iwájú lọ́wọ́ ọ̀tún ni mo jókòó sí, nítorí náà mo yọ́ wọlé lọ pàdé rẹ̀.

Ilẹ̀ ló jókòó sí, ó fẹ̀yìn ti ògiri, kò sì làágùn rárá.

"Ṣé o ṣubú ni?"

"Mi ò ṣubú. Kí ni mo fẹ́ dúpẹ́ fún?"

"Dìde, jọ̀ọ́. Gbogbo èèyàn ń dúró dè ẹ́."

"Jẹ́ kí wọ́n dúró. Ṣé ìwọ dúró?"

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fà á sẹ́yìn mi, mo sì pọ̀n ọ́n jáde. Orin dá dúró. Gbogbo ojú wà lára mi, mo sì fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n rí i pé èmi ni mo gbé e. Bàbá rẹ̀ dìde dúró. Mo ní, "Ó ṣubú, sà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e."

Mòrẹ́nikẹ́ fi ojú pamọ́ sẹ́yìn ọrùn mi.

Bàbá rẹ̀ kò dúró gba oore-ọ̀fẹ́. Òun àtàwọn méjì lọ sí ibi táwọn ajagungbalẹ̀ pàgọ́ sí. Ó gé ọwọ́ ọkùnrin síngílẹ́ẹ̀tì pupa náà já, ọkùnrin náà sì ṣẹ̀jẹ̀ títí ó fi kú. Ọ̀pọ̀ ọdún ni bàbá lò lẹ́wọ̀n. Wọ́n mú Mòrẹ́nikẹ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹbí ìyá rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, kò sì dágbére fún mi.

Mo ti dìyá ọmọ kí bàbá tó jáde. Mo gbé búrẹ́dì dání, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ níbi tó ti ń hun àwọ̀n, mo jẹ́wọ́ pé ọmọ rẹ̀ kò ṣubú lọ́jọ́ náà, pé irọ́ mi ló rán an lẹ́wọ̀n. Ó ń hun àwọ̀n rẹ̀ lọ.

"Dìde," ó ní. "Láti ọjọ́ Jímọ̀ ni àdá ti wà nínú ọkọ̀ mi. Mo wá sí ṣọ́ọ̀ṣì bóyá mo máa rí ẹnì kan tó máa di aṣọ mi mú pé kí n má lọ. Gbogbo yín kàn ń kọrin."

Òpópónà ńlá táwọn ọkọ̀ àjàgbé ń gbà lọ sí èbúté ti gba orí abúlé wa kọjá báyìí, ṣọ́ọ̀ṣì àwọn apẹja kò sì sí mọ́. Mòrẹ́nikẹ́ ń ránṣọ ní Ajah. Ó ń tiro díẹ̀, a sì máa ń kí ara wa bí àwọn tó jọ ń gbé àdúgbò kan. Ọlọ́run dárí jì mí, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì ń dúpẹ́ lójoojúmọ́. Ìjọ wa ti kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tuntun, òun náà ní ọ̀nà ẹ̀yìn pẹpẹ, àwọn tára wọn yá sì ṣì ń gbà á kọjá. Tí wọ́n bá ti dá orin sílẹ̀, mo máa ń wo ìlà kọ̀ọ̀kan títí ojú mi á fi bá ẹni tí kò la ẹnu kọrin, màá sì lọ jókòó tì í.