Ìyá Toheebat Ò Ti Nǹkan Kan

Láti ìgbà tí ìjọba ti ti bodè ni àgádágodo ti wà lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù gbogbo wa ní Ìmẹ̀kọ. Ìrẹsì ni Ìyá Toheebat ń tà, èmi ń ta aṣọ. Òdìkejì bodè la ti ń kó ọjà. Ibẹ̀ náà ni Toheebat, ọmọ rẹ̀, wà nílé ọkọ, ní Kétu.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ Toheebat pè: "Màmá, ó ti ń rọbí o!" Nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ, nọ́ńbà rẹ̀ ò sì wọlé mọ́. Ìyá Toheebat gun ọ̀kadà lọ sí bodè, àwọn sójà dá a padà.

Bó ṣe délé, ó tú irun orí rẹ̀. Ó ṣí fèrèsé, ó ṣí àpótí, ó ṣí ìkòkò, ó ṣí ilé adìyẹ. Mo ní, "Ṣé ẹ fẹ́ kí olè kó yín ni?"

Ó kọjú sí mi. "Ìyá mi ní bí ọmọ ẹni bá ń rọbí, èèyàn kì í ti nǹkan. Kí ìjọba máa ti tiwọn. Èmi ò ní ti tèmi."

Ó ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí kò sí hóró ìrẹsì kan nínú rẹ̀, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé fóònù lé itan.

Mo pòṣé. Síbẹ̀ mo dìde, mo wá kọ́kọ́rọ́ mi. Àgádágodo ti dípẹtà, òkúta ni mo fi lù ú kó tó ṣí. Nígbà tí mo gbójú sókè, àwọn yòókù náà ti ń ṣí tiwọn.

Ọ̀sán pọ́n. Fóònù ò tíì dún, ṣùgbọ́n kò sí ilẹ̀kùn kan tó wà ní títì ládùúgbò wa.