Yàrá Tó Kù Lórí Páálí Ẹ̀gbọ́n Mi

Wáyà ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n mi. Rédíò ló ń tún ṣe, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń lo iná tí kì í tú. Ó gùn bí òpó, kì í sáré sọ̀rọ̀. Ó ti pé oṣù méjì tó kú. Wọ́n ní ibà ni.

Kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan wà lórí tábìlì rẹ̀, pátákó bọ́tìnnì lásán tí wọ́n so mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Tíṣà ló ni ín, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì. Ó gbé e wá fún àtúnṣe, ẹ̀gbọ́n mi ní kó padà wá lọ́jọ́ mẹ́ta. Ọdún mẹ́ta ló dà. Tíṣà á wá, á jókòó, á rẹ́rìn-ín, á tún lọ.

Géèmù inú rẹ̀ ló fa gbogbo ẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń gbé e wọlé: á máa han bí ológbò tí wọ́n tẹ̀ nírù fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ilé ńlá kan tó yọ. Láti igun òkè ni èèyàn ti ń wo yàrá ibẹ̀, bí ẹni yọjú láti òkè àjà; igun tẹlifíṣọ̀n ni gbogbo ọ̀nà ibẹ̀ kọjú sí. Ọkùnrin kékeré kan ń rìn kiri, ó ń to àpótí lé ara wọn, ó ń wá ọ̀nà. Bí iná bá lọ, ó di àkọ́bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ya àwọn yàrá náà sórí páálí, ọgọ́fà. Ó fi àlàfo kan sílẹ̀ fún yàrá tí kò tíì dé. Lórí ibùsùn àìsàn ló ti sọ ọ́ fún mi.

"Ọ̀kan ló kù. Bá mi dé ibẹ̀."

Mo ní kó sinmi.

Lẹ́yìn ìsìnkú mo gbá ṣọ́ọ̀bù, mo nu tábìlì, mo to gbogbo nǹkan gún régé. Ọwọ́ mi ò lè dúró. Nígbà tó yá, Tíṣà ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá gbé ẹrù òun ní Sátidé. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń gbìyànjú láti dé yàrá tó kù. Ọkùnrin inú géèmù ò gbọ́ tèmi. Mo tẹ òkè, ó gba ẹ̀gbẹ́. Mo tẹ ọ̀tún, ó já sí kòtò. Mo dìde, mo jókòó. Mo lọ sẹ́nu ọ̀nà, mo padà. Ìyá wa ní ṣé èèrà ń jẹ mí nídìí ni.

Àárọ̀ Sátidé, Tíṣà dúró lẹ́yìn mi, ó ń wò.

"Ta ló gbé kọ̀ǹpútà yìí gún báyìí?"

Mo ní èmi ni, sà.

"Ẹ̀gbọ́n ẹ kì í gbé e gún. Mo máa ń sọ fún un pé tábìlì ẹ̀ ti mutí yó."

Mo gbé e sókè. Àpá ẹsẹ̀ rọ́bà mẹ́rin wà lórí tábìlì lábẹ́ ẹ̀, mo ti nù ún títí, mi ò rí i. Wọn ò kọjú sí mi. Igun tábìlì ni wọ́n kọjú sí. Mo gbé e lé àpá náà, ó wá kọjú sí igun bíi ti ọ̀nà inú géèmù. Mo tẹ òkè. Ọkùnrin náà rìn lọ tààrà.

Mo bẹ Tíṣà fún wákàtí kan.

"Mo ti dúró fún ọdún mẹ́ta. Ṣé wákàtí kan ló máa pa mí?"

Ó fa bẹ́ǹṣì, ó mú páálí. Ó ń ka ọ̀nà, èmi ń tẹ. Mo ń gbójú sókè wo gílóòbù, kí iná má lọ.

A dé ibẹ̀. Àpótí kan, ilẹ̀kùn kan, kò sí nǹkan míì. Mo mú bírò ẹ̀gbọ́n mi, mo yà á sínú àlàfo náà. Ìlà mi wọ́.

Tíṣà yọ wáyà, ó ká a, ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ sábẹ́ apá. Ó fi kásẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ fún mi.

Mo lọ sẹ́nu ọ̀nà, mo padà. Mi ò tíì tún tábìlì yẹn nù.