Kí Ìbọn Tó Dún, Mo Ti Wà Nílẹ̀

Mo ń po ọ̀dà ilé fún oníbàárà kan nínú ṣọ́ọ̀bù mi ní Kẹ́mta nígbà tí obìnrin tó ń ta búrẹ́dì lódìkejì wọlé, tó sì na fóònù rẹ̀ sí mi.

"Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ wà nílẹ̀ yìí?"

Èmi ni. Fídíò ìbọn tó dún ní Kọ́bapẹ́ ni. Ẹnì kan ti fi òrùka pupa yí mi ká bí ìgbà tí tíṣà bá rí àṣìṣe nínú ìwé ọmọ ilé ìwé, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ọkùnrin yìí ti dùbúlẹ̀ kí ìbọn tó dún. Ta ló sọ fún un?"

Oníbàárà mi náà yọjú wò ó. Ó wo fóònù, ó wò mí, ó ní òun á padà wá gbé ọ̀dà òun lọ́la. Ọ̀dà náà ṣì wà lọ́wọ́ mi títí di òní.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju báyìí lọ. Mo lọ ra búlọ́ọ̀kù létí títì Kọ́bapẹ́. Àwọn adigunjalè gun ọ̀kadà dé, wọ́n yìnbọn, wọ́n já báàgì gbà lọ́wọ́ ẹni tó ni ọgbà búlọ́ọ̀kù náà, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Ọta ba ọ̀kan nínú àwọn tó ń po sìmẹ́ńtì nítan. Kò kú, ìyẹn la fi ń dúpẹ́, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀gbọ́n méjì tí wọ́n máa ń kó yanrìn sínú ọkọ̀, apá wọn sì tó itan mi. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni tó bá lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, àwọn ò ní dúró de ọlọ́pàá kí àwọn tó bá a sọ̀rọ̀.

Oníbàárà kan nínú ọgbà náà ló ń fi fóònù ya búlọ́ọ̀kù rẹ̀ kí ó lè fi han ẹni tó ni ilé. Bí ọ̀rọ̀ wa ṣe wọnú fídíò nìyẹn.

Kí ni mo ń wá nílẹ̀? Àna mi ni mo ń kí. Bàbá ìyàwó mi náà wá ra búlọ́ọ̀kù lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n yọ lẹ́yìn òkìtì búlọ́ọ̀kù kan, mo sì dọ̀bálẹ̀ bó ti yẹ. Òkìtì yẹn bò wọ́n lójú àwọn tó wà nínú ọgbà àti nínú fídíò, èmi nìkan ló hàn. Bí mo ṣe na ara tán báyìí ni ìbọn dún. Nígbà tí mo máa fi gbórí sókè, Bàbá ti kọjá ilé epo tó wà lọ́ọ̀ọ́kán. Mi ò mọ̀ pé àgbàlagbà lè sáré tó bẹ́ẹ̀.

Kí ló wá dé tí mi ò sọ bẹ́ẹ̀ fáyé gbọ́? Bàbá yìí kan náà ni alága ẹ̀ṣọ́ àdúgbò wa. Kò sí ìpàdé tí wọn kì í ti í sọ bí wọ́n ṣe fi àdá lásán lé olè mẹ́ta wọgbó. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìbọn náà, wọ́n pè mí.

"Ṣé o délé láyọ̀?"

"Mo dé, sà. Ẹ̀yin náà ńkọ́?"

"Láti ibo? Èmi ò dé Kọ́bapẹ́ lónìí."

Mo gbé fóònù kúrò létí, mo wò ó.

"Mo ní èmi ò dé Kọ́bapẹ́."

"Ẹ ò débẹ̀, sà."

"Ó dáa. Bá mi kí ìyàwó."

Ta ni yóò dójú ti àna rẹ̀? Mo panu mọ́, kódà mi ò sọ fún ìyàwó mi.

Àwọn tó fi òrùka yí mi ká kì í ṣe ọlọ́pàá. Ọ̀gá ilé ìwé kan tó ti fẹ̀yìn tì ni olórí wọn. Ẹnì kejì wọn ni obìnrin aránṣọ kan tó ń kọrin ní ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, tó gbà pé kò sí ohùn tí etí òun kò lè tú. Orí Wáásáàpù àdúgbò ni wọ́n ti ń ṣèwádìí. Ẹnì kan tiẹ̀ béèrè níbẹ̀ bóyá ṣe ni mo ń kí èèyàn. Ọ̀gá dá a lóhùn pé, "Ta ló tún ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja létí títì láyé ìsinsìnyí? Ta ló sì ń kí? Búlọ́ọ̀kù?"

Wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Ọ̀gá ti fi ṣọ́ọ̀kì ya gbogbo ọgbà náà sí iwájú ilé rẹ̀. Aránṣọ di ìdérí ìkòkò méjì mú, ìyẹn ni ìbọn.

"Ṣubú bí o ṣe ṣubú lọ́jọ́ náà," Ọ̀gá wí.

Mo ṣubú.

"Rárá o. Nínú fídíò, o kọ́kọ́ wo ilẹ̀. O yẹra fún omi. O tún ṣòkòtò rẹ ṣe. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í wá ibi tó mọ́."

"Funfun ni ṣòkòtò náà, sà."

"Ẹ ò rí i?" aránṣọ wí. "Ó mọ̀ pé ìbọn ń bọ̀, ó tún lọ wọ funfun. Ìgbéraga nìyẹn."

Lọ́jọ́ kejì, àwọn ẹ̀gbọ́n méjèèjì wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Wọ́n jókòó lé agolo ọ̀dà.

"Ẹ máa tajà yín," èyí àgbà wí. "A kàn ń wò yín ni. Alága á gbọ́ ẹjọ́ yín ní Sátidé. Tí ẹ bá jẹ̀bi, ẹ ó tẹ̀lé wa."

Alága tí wọ́n ń wí ni Bàbá. Wọ́n sì wò mí lóòótọ́. Kò sẹ́ni tó wá ra nǹkan kan.

Kí Sátidé tó pé, aránṣọ tú ohùn inú fídíò náà. Ó ní kí ìbọn tó dún, àgbàlagbà kan sín, ó sì kí ara rẹ̀ pé, "Pẹ̀lẹ́, ọkùnrin." Ó fi ohùn náà sórí Wáásáàpù, ó kọ ọ́ pé: "Àmì tí wọ́n fún àwọn olè nìyí. Ẹ bá wa wá ẹni tó ń sín báyìí."

Ìyàwó mi ń ṣa ẹ̀wà nígbà tó gbọ́ ọ. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Bàbá àwọn ọmọ, ṣé Bàbá mi kọ́ nìyí?"

"Bàbá ò dé Kọ́bapẹ́."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Àwọn fúnra wọn ni."

Ó tún un gbọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀wà fi dà nù, ó wá rántí àwọn alápá ńlá yẹn, ẹ̀rín sì tán lẹ́nu rẹ̀. Ó mú fóònù, ó di ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀.

Òun ló ròyìn fún mi bó ṣe lọ níbẹ̀. Ìyá fetí sí i, wọ́n sì yíjú sí ọkọ wọn.

"Baálé mi, ṣé ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì lẹ ní ẹ lọ lọ́jọ́ yẹn?"

"Kò sẹ́ni tí kì í sín," Bàbá wí.

"Wọn kì í sín kí wọ́n tún máa kí ara wọn. Ẹyọ kan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Ẹ̀gbá, èmi ni mo sì fẹ́ ẹ. Wọ́n fẹ́ gbé ọkọ ọmọ yín lọ nítorí pé ó kí yín, ẹ wá jókòó síbí, ẹ ń jẹ ẹ̀pà. Tẹ́ ẹ ò bá sọ ọ́ ní Sátidé, èmi ni mo máa sọ ọ́. Màá sì sọ ti àdá yẹn mọ́ ọn."

Ní ìpàdé àdúgbò lọ́jọ́ Sátidé, Ọ̀gá ro ẹjọ́ mi níwájú Bàbá, ó rò ó dáadáa. Bó ṣe ń rò ó, èmi gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà pé mo jẹ̀bi. Bàbá jẹ́ kó parí. Ìyá dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Òkìtì búlọ́ọ̀kù yìí," Bàbá wí, "ṣé ẹ ti wo ẹ̀yìn rẹ̀?"

"Kò hàn, sà."

"Èmi ni mo wà níbẹ̀. Èmi ni ọmọ yìí ń kí. Èmi náà ni mo sì sín."

Aránṣọ ló kọ́kọ́ lanu.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ sín ká gbọ́."

"Ṣé omi ẹ̀rọ ni, tí èèyàn á kàn ṣí?"

Ẹ̀gbọ́n àgbà náà ní, "Nígbà tí ìbọn wá dún ńkọ́, Bàbá?"

"Mo lọ pe ẹ̀ṣọ́."

"Ẹ̀yin lẹ̀ṣọ́, sà."

"Àwọn tó kù ni mo lọ pè." Bàbá wo ẹnu ọ̀nà. "Mo sáré," wọ́n wí. "Mo sáré gan-an."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Gbogbo wa ń wo ilẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n àgbà náà dìde, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Mo sún mọ́ ògiri.

"Ẹ má bínú," ó wí. "A ti gbọ́. Kò sí nǹkan kan láàárín wa mọ́."

Ó nawọ́ sí mi. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó fún un ní tèmi, nítorí mi ò mọ̀ bóyá ó máa dá a padà. Ó dá a padà.