Ilẹ̀ Dúdú Tó Pa Ọ̀dú Ìyá Àgbà

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé ike omi kan ṣoṣo ni mo lè gbé dé ẹ̀yìnkùlé láì sinmi, Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, wá bá wa gbé ní Ladi-Lak, ní Bàrígà. Ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ní Rẹ́mọ ni, bàbá mi sì ní kò dára kí opó máa dá gbé. Àpò ẹrù méjì ló gbé wá, àti aṣọ kékeré kan tó so ní kókó, tí èso ọ̀dú wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tó ti jẹ ọ̀dú gidi rí, ẹ mọ ohun tí mò ń wí.

Kọnkéré ni gbogbo àgbàlá wa. Ìyá Àgbà ṣa garawa ọ̀dà, báàsìn tó ti fọ́ àti àpò ìrẹsì jọ, ó wá ṣe ààtàn kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ balùwẹ̀. Èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, eérú àti ewé gbígbẹ ló ń dà síbẹ̀. Èmi ni mò ń fi ọkọ́ yí i ní gbogbo Sátidé. Láàárọ̀ ọyẹ́, ooru máa ń yọ lára rẹ̀ bíi ti èbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀. Tí mo bá ju ọ̀rá sínú rẹ̀, orí ìkúnlẹ̀ ni màá wà títí màá fi ṣà á tán. "Ṣé ọ̀dú ló máa jẹ ọ̀rá ni, àbí ìwọ?" ni Ìyá Àgbà máa ń bi mí.

Ìgbẹ́ adìẹ tútù kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀, ó ní ó máa ń jó gbòǹgbò. Òjò gbọ́dọ̀ pa á, kí òórùn rẹ̀ tán. Bí ààtàn bá ti jẹrà dáadáa, á bu ẹ̀kúnwọ́ kan, á fún un. Tó bá ṣù tí kò tú mọ́, amọ̀ ti pọ̀ jù. Tí kò bá ṣù rárá, iyanrìn ni. Èyí tó ṣù, tó sì tú nígbà tó fi àtàǹpàkò tì í, òun ló ń lò. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ se ọ̀dú ilé wa, tòun ti ẹja gbígbẹ, ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. Àwọn ará ilé sọ ọ́ ní Ìyá Ọlọ́dùú. Orúkọ yẹn ló fi di ènìyàn ní Bàrígà.

Ẹ jẹ́ kí n wá to ẹ̀ṣẹ̀ àwọn tó ṣẹ Ìyá Àgbà bó ṣe tẹ̀ léra.

Lánlọ́ọ̀dù ni àkọ́kọ́. Ó ní ààtàn ń pe eku wá, nígbà tí omi ṣalángá tirẹ̀ ń ṣàn kọjá níwájú ilẹ̀kùn wa. Ó dúró títí Ìyá Àgbà fi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní kí wọ́n kó o dànù. Kò bi ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ìyá náà dé, ilẹ̀ tí wọ́n ti fi omi fọ̀ ló bá.

Ilẹ̀ inú garawa ti ṣá, kò sì sí ààtàn tó máa fi tún un ṣe. Ìdí nìyẹn tó fi ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń ti ọmọlanke kiri àdúgbò.

"Ilẹ̀dú oko Ìkòròdú rèé, màmá! Ẹ wo bó ṣe dú! Ẹ gbin òkúta síbẹ̀, yóò so!"

Irọ́ ni. Ẹrẹ̀ ọ̀sà oníyọ̀ ni, èyí tí àwọn tó ń wa iyanrìn máa ń tú sétí omi, tí ọkùnrin náà sá sóòrùn kó gbẹ. Àwa ọmọ tó máa ń lọ wo àwọn apẹja mọ òórùn yẹn. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà fún un lọ́wọ́, ó ṣù, ó sì tú. Ní Rẹ́mọ, iyọ̀ kì í sí nínú ilẹ̀. Dúdú ni dídára. "Ilẹ̀ dúdú kì í parọ́," ló wí.

Mo ní, "Ìyá Àgbà, ó ń rùn bí etí ọ̀sà."

Bàbá mi kó mi ní ìkó. "Ìwọ tí wọ́n bí sórí kọnkéré, ìwọ lo máa kọ́ màmá mi ní ilẹ̀?"

Ọlọ́mọlanke ló rẹ́rìn-ín jù. "Ẹ fi í sílẹ̀, bọ̀dá. Ọmọ Èkó ni, kí ló mọ̀?"

Mo dákẹ́. Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi nìyẹn, mo kọ ọ́ mọ́ tiwọn.

Òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ó sì gbin gbogbo èso tó kù. Wọ́n hù, wọ́n ga tó ìka, etí ewé wọn wá bẹ̀rẹ̀ sí í jó bí ẹni pé wọ́n yan wọ́n. Nǹkan funfun bo ojú ilẹ̀. Mo ń pọnmi, ó ń bu omi sí i, ó ń gbàdúrà sí i. Kò sí èyí tó yè. Ìyá Àgbà dojú gbogbo garawa dé.

"Ọwọ́ mi ti bá ọkọ mi lọ," ló wí.

Kò gbin nǹkan kan mọ́. Ó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, oúnjẹ rẹ̀ ń dín kù, ó sì kú kí òjò tó padà. Wọ́n ní ọjọ́ orí ni. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí kọ́ ló dojú garawa dé.

Yunifásítì ni mo ti kọ́ bí iyọ̀ ṣe ń pa ewéko láti inú ilẹ̀. Mo sáré wálé sọ fún bàbá mi. Ó ní, "Bísọ́lá, ọ̀rọ̀ àná nìyẹn."

Lónìí, ní Obanikoro tí mò ń gbé, inú àpò tí wọ́n ya ewé tútù sí ni wọ́n ń ta ilẹ̀ òdòdó. Mo ra kan lórí fóònù. Ìyẹ̀fun pákó tútù ló kún inú rẹ̀, wọ́n po eérú mọ́ ọn kó lè dú. Mo ya fọ́tò, mo kọ ẹ̀sùn mi ní kíkún. Ọmọ tó tà á fèsì pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mummy, ẹ máa bomi rin ín," ló bá tì mí pa lórí fóònù rẹ̀, mi ò lè bá a sọ̀rọ̀ mọ́.

Nítorí náà, ẹ má fi àwọ̀ ra ilẹ̀. Ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀: kó rùn bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, kó má rùn bí ẹrẹ̀ tàbí ìgbẹ́. Ẹ wò ó bóyá pákó inú rẹ̀ ti jẹrà. Kí ẹ tó fi èso tó ṣọ̀wọ́n sínú rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ gbin ẹ̀wà mélòó kan sínú ife, kí ẹ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì.

Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó tàn wá jẹ ń kọjá níwájú ilé wa, Ìyá Àgbà sì ń kí i pé ẹ kú iṣẹ́. Lóde òní, mi ò tilẹ̀ mọ ojú ẹni tó tàn mí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé wọ́n tàn mí. Ìyá Àgbà kò mọ̀. Ó gbà pé ọwọ́ òun ló kú, ó sì gbé èrò yẹn wọ sàréè.